Èròjà Inú Ewéko Tó Ń Ran Eegun Lọ́wọ́ Láti Jiná

Nínú mùdùnmúdùn tó kún inú eegun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn kò tíì yan iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Bí ara bá pàṣẹ kan fún wọn, wọ́n á di sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun. Bí àṣẹ náà bá yàtọ̀, wọ́n á di eegun rírọ̀ irú èyí tó wà létí, tàbí kí wọ́n di ọ̀rá. Wọn kò pọ̀ rárá. Lára àgbàlagbà, nínú 10,000 sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn, ó lè má ju ẹyọ kan lọ tó jẹ́ irú wọn, nígbà mìíràn ẹyọ kan nínú 100,000 ni. Alexander Friedenstein, oníwádìí ní Mosko, ló fi hàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 pé bí a bá mú irú sẹ́ẹ̀lì yìí kúrò nínú mùdùnmúdùn ẹranko tí a sì gbìn ín síbòmíràn nínú ara, eegun tuntun lè hù níbẹ̀. Ní 1991 ni Arnold Caplan ti Amẹ́ríkà sọ wọ́n ní mesenchymal stem cell, orúkọ tí ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pè wọ́n di òní.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníwádìí ti ń wá ohun tó lè ti àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí síwájú, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì rí ló ti inú ewé, gbòǹgbò, èso àti epo jáde. Àwọn kan nínú wọn dájú. Ọ̀pọ̀ ṣì jẹ́ ìrètí. Ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀ gbangba, nítorí pé ẹni tí zémidjan, ọ̀kadà akérò Benin, gbé ṣubú lójú títì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ kò ní àkókò tó lè fi ṣòfò.

Bí eegun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dà sí ojú ibi tó ṣẹ́, á sì dì. Láti inú ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni ara ti ń fi èròjà kéékèèké ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, àwọn tó wà nínú mùdùnmúdùn àti àwọn tó wà lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo eegun. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, wọ́n á ti ṣe eegun rírọ̀ kan tó di ojú méjèèjì mú. Lẹ́yìn náà ni kálísíọ́mù á wọnú rẹ̀, á sì le. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí eegun tó lè gba ẹrù, ìtúnṣe tó bá kù sì lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún. Irú sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: osteoblast, tí í ṣe ọmọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ń mọ eegun, osteoclast ń jẹ èyí tó ti gbó kúrò. Àwọn méjèèjì kì í sinmi. Eegun àgbàlagbà tí kò ṣẹ́ rí pàápàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún.

Àṣẹ tí ara fi ń sọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ di sẹ́ẹ̀lì eegun ti hàn díẹ̀díẹ̀. Ní 1965, Marshall Urist, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Los Angeles, yọ kálísíọ́mù kúrò nínú eegun, ó gbin èyí tó ṣẹ́kù sínú iṣan ẹranko, eegun tuntun sì hù níbi tí eegun kì í hù sí. Èròjà tó fà á ni wọ́n wá ń pè ní BMP. Ní 1997, àwọn oníwádìí rí i pé ọmọ eku tí wọ́n bí láìní jíìnì kan tó ń jẹ́ Runx2 kò ní eegun líle kankan. Eegun rírọ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé èròjà ewéko kan ń ran sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó mú kí BMP tàbí Runx2 pọ̀ sí i, tàbí ó dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì náà ì bá gbà di ọ̀rá, tàbí ó kó osteoclast níjàánu.

Ewéko ló tilẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé fi ojú rí bí eegun ṣe ń dàgbà. Ní 1736, John Belchier, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kíyè sí i pé eegun ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ oúnjẹ tí gbòǹgbò madder wà nínú rẹ̀ pọ́n yòò. Madder ni àwọn aláró Yúróòpù fi ń rẹ aṣọ kó lè pupa. Èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ alizarin máa ń so mọ́ kálísíọ́mù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Henri-Louis Duhamel du Monceau ní Faransé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹranko ní madder, á dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, á tún fún un. Ó rí ìlà pupa àti funfun tó tò léra wọn nínú eegun, ẹ̀rí pé ìta ni eegun ń gbà nípọn. Títí di òní, bí ilé ìwádìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti ń ṣe eegun nínú àwo, alizarin ni wọ́n ń dà sí i, ibi tó bá sì pọ́n ni kálísíọ́mù wà.

Nínú gbogbo èròjà ewéko tó kan eegun, kò sí èyí tó dájú tó fítámínì C. Ara ènìyàn kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Inú èso àti ewé ló ti ń rí i. Ìtàn ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi George Anson, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó yí ayé ká láàárín 1740 sí 1744, sọ nípa atukọ̀ kan tí eegun rẹ̀ ti ṣẹ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú, tó sì ti jiná pátápátá. Nígbà tí àìrí èso àti ewé jẹ lójú òkun sọ ọ́ di aláìsàn, egbò rẹ̀ àtijọ́ ya, eegun tó ti so pọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ sì tún tú. Ní 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi kan, James Lind, pín atukọ̀ 12 tó ní àìsàn kan náà sí méjìméjì, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yàtọ̀ síra. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ara wọn tètè yá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rúndún méjì lẹ́yìn náà kí Albert Szent-Györgyi tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937 fún iṣẹ́ tó ṣe lórí èròjà náà.

Ìdí tí eegun atukọ̀ yẹn fi tú kò le láti ṣàlàyé. Bí a bá yọ kálísíọ́mù àti àwọn ohun líle bẹ́ẹ̀ kúrò nínú eegun, ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ nínú èyí tó kù ni kólájìn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kálísíọ́mù ń jókòó lé lórí. Láìsí fítámínì C, okùn yìí kò lè lọ́ pọ̀ kó yi. Ara sì ń tú kólájìn àtijọ́, ó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí tuntun kò bá yi, ohun tó ti so pọ̀ á jẹrà. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí kólájìn tó dára kò yí ká kì í gba àṣẹ láti di osteoblast dáadáa. Ìdí rèé tí kò fi sí ilé ìwádìí tó ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti di eegun tí kì í bu fítámínì C sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé. Èròjà mìíràn tí wọ́n sábà máa ń bù sínú omi yìí ni dexamethasone. Ó wà nínú ẹbí òògùn tí ilé iṣẹ́ ńláńlá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láti ara isu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí Russell Marker ti fi hàn ní àwọn ọdún 1940 pé diosgenin inú isu náà ṣeé sọ di hòmóònù.

Síbẹ̀, fítámínì C tó dájú tó yìí pàápàá ní ààlà. Ní Edinburgh, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 pín ènìyàn 336 tí ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan lo mílígíráàmù 500 fítámínì C lójúmọ́, àwọn yòókù lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí ìyàtọ̀ nínú bí ọwọ́ wọn ṣe jiná. Ẹni tí kò ní in tó ni fítámínì C ń gbà là. Ẹni tó ti ní in tó kì í rí àǹfààní kún un. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, oṣè àti ata tútù ní in, ẹ̀fọ́ náà sì ní in bí wọn kò bá sè é títí tí iná fi bà á jẹ́.

Lẹ́yìn fítámínì C, ẹgbẹ́ èròjà tí ilé ìwádìí ti yẹ̀ wò jù ni flavonoid. Quercetin, ọ̀kan nínú wọn, wà nínú àlùbọ́sà àti nínú moringa tí àwọn kan ń pè ní ewé ìgbálẹ̀. Genistein àti daidzein wà nínú sóyà. Icariin wà nínú Epimedium, ewé tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ṣe òògùn eegun láti ayébáyé. Genistein jọ estrogen, hòmóònù obìnrin, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè jókòó sí àyè kan náà lára sẹ́ẹ̀lì. Estrogen ló ń kó osteoclast níjàánu. Àìsí rẹ̀ ló fà á tí eegun obìnrin fi máa ń fẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti dán àwọn èròjà yìí wò lára wọn. Ní Ítálì, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 kó obìnrin 389 jọ. Àwọn tó lo mílígíráàmù 54 genistein lójúmọ́ fún ọdún 2, eegun wọn nípọn sí i. Ní ọdún kan náà, ìwádìí kan láti Hong Kong lórí obìnrin 100 fi hàn pé èròjà Epimedium kò jẹ́ kí eegun wọn dín kù bí ó ti dín lára àwọn tí kò lò ó. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Miami fún obìnrin 248 tún yẹ̀ ẹ́ wò: mílígíráàmù 200 èròjà sóyà lójúmọ́, fún ọdún 2, eegun àwọn tó lò ó sì dín kù bíi ti àwọn tí kò lo nǹkan kan. Genistein nìkan ni wọ́n lò ní Ítálì, àdàlù èròjà sóyà ni ti Miami, ó sì ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ náà ti ibẹ̀ wá. Ohun kan tí kò yẹ kó fara sin fún ẹnikẹ́ni ni pé kò sí ọ̀kankan nínú ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wo bí eegun tó ṣẹ́ ṣe ń jiná. Bí eegun ṣe nípọn tó ni wọ́n wọ̀n. Wàrà sóyà díndín tí wọ́n ń tà káàkiri ojú títì ní Benin dára fún ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ nítorí purotéènì inú rẹ̀, èyí tí ara fi ń ṣe kólájìn. Ìdí yẹn nìkan ti tó láti jẹ ẹ́.

Ewéko kan wà tí orúkọ rẹ̀ kan eegun ṣíṣẹ́ tààrà: Cissus quadrangularis, ìtàkùn tútù onígun mẹ́rin tó máa ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ ní Áfíríkà àti ní Éṣíà. Ní India, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Hindi ni hadjod, ohun tó ń so eegun pọ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni K. N. Udupa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Banaras ti ń dán an wò lára eku tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Ní 2009, àwọn oníwádìí ní Manipal tẹ ìwé jáde pé nígbà tí wọ́n da èròjà tí wọ́n fà jáde nínú ìtàkùn náà sórí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eku, sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ sí i, ó sì yára di osteoblast. Iṣẹ́ irú èyí ló ṣọ̀wọ́n jù, tó sì ṣe pàtàkì jù: ohun tí àwọn ènìyàn ti ń lò láti ayébáyé, tí wọ́n gbé délé ìwádìí, tí wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì gan-an dán an wò.

Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn náà ní ewéko tirẹ̀ tó kan eegun. Kọmúùnù ni Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau ní gúúsù ìlà oòrùn Benin, nítòsí ibodè Igolo tó kọjú sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Ní Pọ́bẹ̀, nínú ẹkùn kan náà, ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Epo pupa tí wọ́n ń sè níbẹ̀ ní irú fítámínì E kan tó ṣọ̀wọ́n. Epo ẹ̀pà àti epo sóyà ní tocopherol. Epo pupa ní tocotrienol. Nínú kílò epo pupa kan tí wọn kò tíì dín, fítámínì E tó wà níbẹ̀ máa ń tó mílígíráàmù 600 sí 1,000, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ tocotrienol.

Malaysia, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ, ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ lórí tocotrienol àti eegun, pàápàá ní Universiti Kebangsaan Malaysia. Wọ́n yọ ilé ẹyin àwọn abo eku kí eegun wọn lè fẹ́lẹ́ bíi ti obìnrin tó ti dàgbà, wọ́n sì fún àwọn kan nínú wọn ní tocotrienol láti inú epo ọ̀pẹ. Eegun àwọn tó rí i gbà kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà pé ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ń pa iná àwọn èròjà afẹ́fẹ́ tó ń ba osteoblast jẹ́, ó sì ń dín agbára ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ́ńsáìmù yìí náà ni àwọn òògùn statin ń dí, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1999 sì ti fi hàn pé statin ń mú kí BMP pọ̀, tí eegun sì ń hù lára eku.

Ìṣirò ni ibi tó le. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn eku yẹn ni mílígíráàmù 60 fún kílò kan ara wọn. Bí a bá yí i sí ti ènìyàn lọ́nà tí àwọn oníṣègùn ń gbà ṣe é, tó fi máa ń dín sí bí ìdá mẹ́fà, ẹni tó wọn kílò 60 yóò nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 600 lójúmọ́. Kó tó lè rí iye yẹn nínú epo pupa, yóò ní láti mu nǹkan bíi kílò epo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Kò sí ọbẹ̀ tó lè gbà á, ara kò sì lè gbà á. Epo tí wọ́n dín lórí iná títí tó fi ṣí àwọ̀ tún wá burú sí i, nítorí ooru ń ba èròjà pupa inú rẹ̀ jẹ́, ó sì ń dín fítámínì E rẹ̀ kù. Nítorí náà ni àwọn tó dán tocotrienol wò lára obìnrin ní Texas, tí ìwé wọn jáde ní 2018, fi fà á jáde nínú hóró osùn elédè, igi tí àwọn ará ìlú òkèèrè ń pè ní annatto, wọ́n sì fi í sínú kápúsù. Fún ọ̀sẹ̀ 12 tí àwọn obìnrin náà lò ó, àmì tó ń fi hàn nínú ìtọ̀ pé osteoclast ń jẹ eegun dín kù. Ọ̀sẹ̀ 12 kéré jù láti mọ̀ bóyá eegun wọn nípọn.

Nílẹ̀ Nàgó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ atò-eegun lọ. Ní 1980, D. D. O. Oyebola tẹ ìwé jáde nípa iṣẹ́ àwọn atò-eegun Yorùbá. Láàárín wọn ni àṣà kan wà pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú òun náà; bí adìyẹ bá ti lè rìn, wọ́n á gbà pé ó ti tó àkókò láti tú igi ìdì kúrò lẹ́sẹ̀ aláìsàn. Èrò kan tó lóye wà nínú rẹ̀, pé eegun ní àkókò tirẹ̀ tí a kò lè fi ipá yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun adìyẹ máa ń yára jiná ju ti ènìyàn lọ. Ewu tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ti ọwọ́ ewé wá, inú ìdì ló wà: bí okùn bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ẹran á kú, ọ̀rọ̀ á sì di gígé ẹsẹ̀. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà, títí kan àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn Igbóbì ní Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ti rí irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń kú ni, kò sì sí èròjà ewéko tó lè jí i.

Ewé tí atò-eegun ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó ṣẹ́ ní láti la awọ, ọ̀rá àti iṣan kọjá kí èròjà inú rẹ̀ tó dé eegun. Ewé tí wọ́n bá sì sè fún ènìyàn mu gbọ́dọ̀ kọjá nínú ìfun àti ẹ̀dọ̀. Curcumin, èròjà inú àtalẹ̀ pupa, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù: nínú àwo ó lè ṣe ohun ńlá fún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kódà bí ènìyàn bá gbé gíráàmù 8 rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ kò ju kíún lọ. Àgbo tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀ tún lè ba iṣẹ́ òògùn ilé ìwòsàn jẹ́, pàápàá òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí eegun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ó yẹ kí dókítà mọ gbogbo ohun tí aláìsàn ń mu.

Ìmọ̀ nípa orúkọ àti ìlò àwọn ewé náà kò sọnù. Edouard Adjanohoun, onímọ̀ ewéko ọmọ Benin, ló ṣáájú àwọn tó kó ìlò ewéko jọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà sínú ìwé tó jáde ní 1989. Pierre Verger, tó gba orúkọ Fátúmbí ní Kétu ní 1953, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995, ó sì kó àkójọ ìlò ewé tó lé ní 400 sínú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni kí a mú èyí tó kan eegun nínú wọn, kí a fa èròjà inú rẹ̀ jáde, kí a dà á sórí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, kí a dán an wò lára ẹranko, kí a tó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni, ó sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa kó owó àti ọ̀dọ́ sí i ju bó ti wà lọ.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ní Benin: fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà gan-an ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú irú jíìnì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá yí padà sí bíi dòjé á dí ọ̀nà, orí eegun itan á sì kú nígbà tí aláìsàn ṣì wà ní ọ̀dọ́. Láti bí ọdún 1990 ni Philippe Hernigou ní Créteil, ní Faransé, ti ń fa mùdùnmúdùn láti ìbàdí aláìsàn, tó ń yọ omi rẹ̀ kúrò kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lè pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un sínú orí eegun tó ń kú. Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde wà lára àwọn tó tọ́jú bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tètè ṣe é kí orí eegun tó wó, ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá tí wọ́n fi ń pààrọ̀ oríkèé itan.

Ibí yìí ni èròjà ewéko àti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti ń pàdé ní tòótọ́. Dípò kí ènìyàn gbé èròjà náà mì, àwọn oníwádìí ń fi í sínú ohun kan tó ní ihò wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ṣe, wọ́n sì ń gbìn ín sí àárín eegun tó ṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ á wọnú àwọn ihò náà, èròjà á máa jáde díẹ̀díẹ̀ láìkọjá nínú ìfun tàbí ẹ̀dọ̀, ohun tí wọ́n gbìn náà á sì máa yọ́ bí eegun tuntun bá ti ń gba ipò rẹ̀. Icariin ni wọ́n ti lò jù nínú irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé kì í tètè bàjẹ́, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti BMP tí ilé ìwòsàn ń rà. Lára eku àti ehoro ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni iye tó yẹ kó máa jáde lójúmọ́, nítorí pé icariin tó bá pọ̀ jù ń pa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kan náà tí wọ́n fi í ràn lọ́wọ́.